Àlejò Méjì Létí Odò Dee

  

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ ìyá sì tún ni. Ẹ bá mi fojú inú wò ó. Odò kan ń ṣàn láàárín igi páìnì. Ọkùnrin méjì dúró nínú omi dé orúnkún, wọ́n ti bá ẹja kan fà á fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹja ọ̀hún gùn tó apá àgbàlagbà, ara rẹ̀ ń dán bí bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọ̀n ti gbé e. Létí odò, ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Òṣogbo, jókòó, ó ti ń fọkàn ka iye ata tí yóò lọ̀ sí i. Àfi bí ó ṣe rí i tí wọ́n tú ìwọ̀ kúrò lẹ́nu ẹja, tí wọ́n sì ń múra láti dá a padà sómi. Ìyá dìde, ó ká ọwọ́ lé orí, ó figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Àwọn ọmọ yìí fẹ́ da ọbẹ̀ nù!"

Ìyá yẹn, ìyá mi ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì yẹn, èmi ni.

Aberdeen ni mò ń gbé, ní àríwá ìlà-oòrùn Skọ́tlándì. Epo rọ̀bì inú Òkun Àríwá ló sọ ìlú náà di mímọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Àwọn kan wá ṣiṣẹ́ epo, àwọn kan wá kàwé, ọ̀pọ̀ wa ò sì padà mọ́. Odò méjì ló wọ òkun níbẹ̀, Don àti Dee. Orí àwọn òkè Cairngorms ni Dee ti ṣẹ̀ wá. Ó rìn tó kìlómítà 140, ó gba Braemar, ó gba ẹ̀gbẹ́ Balmoral tó jẹ́ ilé ìsinmi ọba, ó gba Ballater àti Banchory kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹja sámọ́ọ̀nù ló gbé orúkọ odò yìí jáde láàárín àwọn apẹja. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ju ìwọ̀ sí i, láti ìgbà náà ni mo ti kó àrùn rẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó mi bí ọmọ wa kẹta, Màmá wá bá wa wẹ ọmọ. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ni wọ́n wọ bàlúù. Físà àlejò sí Ìlú Ọba kì í sábà gbà ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan, oṣù mẹ́fà sì dà bí ẹni pé ó pọ̀. Àmọ́ ẹ wo bí a ṣe ń ná an. Mo ń jáde nílé ní agogo méje, mo ń wọlé ní agogo mẹ́fà. Àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Màmá, ìkókó àti tẹlifíṣọ̀n ló ń wo ara wọn. Lọ́jọ́ kan Màmá pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilé yín dára o. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tó ní tìmùtìmù, ẹ̀wọ̀n náà ni."

Sátidé nìkan ló kù tí mo lè fún wọn. Sátidé yẹn náà sì ni ọjọ́ odò mi, torí pé ní Skọ́tlándì, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni dẹ sámọ́ọ̀nù lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Àsìkò tún ń lọ: odò Dee ń ṣí fún apẹja ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì, ó sì ń tì ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá. Mo bá ní kí n fi ìrìn kan ṣe ìrìn méjì. Mo sọ fún Màmá pé, "Ẹ jẹ́ ká lọ sódò, ẹ óò jẹ ẹja tí ẹ ò jẹ rí." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ fún mi, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án, mo kó gbogbo ilé dà sínú ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán: Màmá, ìyàwó mi, ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún mọ́kànlá, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún méje, àti ìkókó. Bí a ṣe débẹ̀, mo wọ ṣòkòtò rọ́bà mi tó gùn dé àyà, mo gbé ọ̀pá ìwọ̀, mo ní, "Ẹ máa gbádùn ara yín," mo bá omi lọ. Wákàtí mẹ́rin ni mo lò nínú rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́. Àwọn ọmọ ń sọ òkúta sínú ibú tí ẹja ń sinmi sí, èmi náà ń jágbe mọ́ wọn. Màmá jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n gbé ìkókó lé ẹsẹ̀, wọ́n ń wò mí látinú gíláàsì. Ẹ̀yìn mi nìkan ni wọ́n rí lọ́jọ́ náà. Ẹja ńkọ́? Ọ̀kan ò tilẹ̀ fara kan ìwọ̀ mi.

Bí a ṣe ń darí lọ sílé, inú ọkọ̀ pa lọ́lọ́. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́ ni: "Dádì, ẹja lẹ ṣe lálejò lónìí, ẹ ò ṣe Màmá lálejò. Ẹja náà ò sì yọjú."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ro irú ẹja tí mo ń lé kiri, mo wá rí i pé mo mọ ìwà rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà náà fún yín.

Inú odò tútù, láàárín òkúta wẹ́wẹ́, ni sámọ́ọ̀nù ti ń yé ẹyin, pàápàá ní oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejìlá. Abo á fi ìrù gbẹ́ ilẹ̀ odò, á yé síbẹ̀, akọ á da àtọ̀ lé e, abo á tún fi òkúta bò ó. Ìgbà tí òtútù bá rọlẹ̀ ni ọmọ ń pa. Ọmọ ẹja yìí á gbé inú odò fún bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kò sì ní tóbi jọjú. Tó bá di ìgbà ìrúwé kan, ara rẹ̀ á yí padà di fàdákà, á dojú kọ òkun. Àwọn kan ń dé agbami Norway, àwọn mìíràn ń dé etíkun Greenland. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí jẹ, tí wọ́n ti ń sanra. Lẹ́yìn ọdún kan, tàbí méjì, tàbí mẹ́ta, wọ́n á yíjú padà. Odò tí wọ́n bí wọn sí ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń padà sí. Òórùn omi náà ni wọ́n ń gbọ́, òun ni wọ́n ń tẹ̀ lé wálé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, mo mọ̀ pé ẹ ti ń gbọ́ ìtàn ara yín.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì fún apẹja ni pé tí sámọ́ọ̀nù bá ti wọ odò, kò ní jẹun mọ́. Ọ̀rá tó kó bọ̀ láti òkun ló fi ń gbéra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́fà ló kù kí ó tó yé. Ẹni tó ń ju ìwọ̀ sí i, ẹni tí kò fẹ́ jẹun ló ń fi oúnjẹ lọ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ àti irun ẹranko tí wọ́n wé mọ́ ìwọ̀ la sì ń jù. Bóyá inú ló ń bí i tó fi ń bù ú jẹ, bóyá ó ń rántí oúnjẹ òkun ni. Ó lè wù ú, ó lè má wù ú. Tí odò bá fà, á fara pamọ́ sínú ibú. Tí òjò bá rọ̀ tí omi kún díẹ̀, á tẹ̀ síwájú. Ẹni tó ti fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko jù ú tí kò rí ọ̀kan kò ṣọ̀wọ́n. Ẹja tí kì í jẹun, tó ń retí òjò, ni mo wá ṣèlérí fún ìyá mi bí ẹni pé inú fíríìjì ló wà.

Kí n sì tún sọ ti òfin, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́ tèmi kó lọ kó sí wàhálà. Ní Skọ́tlándì, ìjọba kì í ta ìwé àṣẹ ìwọ̀ bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti dẹ sámọ́ọ̀nù ní ẹni tó ni ín, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ṣe ní onílẹ̀. Ẹni tó bá ju ìwọ̀ sí i láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ibẹ̀, kóòtù lè pè é. Láti ọdún 2002, èèwọ̀ òfin ni láti ta èyí tí a bá fi ìwọ̀ mú. Ní ti odò Dee, ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn apẹja ibẹ̀ ti fohùn ṣọ̀kan pé èyí tí a bá mú, odò la ó dá a padà sí. Sámọ́ọ̀nù Skọ́tlándì tí ẹ ń rí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹja ọ̀sìn ni. Inú àwọ̀n ńlá lójú òkun ni wọ́n ti ń sìn ín. Mo mọ gbogbo èyí, mi ò sì sọ ọ́ fún Màmá.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹwàá, a tún gbéra. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó mi ló ṣètò. A ò jí lọ sódò. A jẹun yó, agogo mẹ́wàá la jáde. Ibi tí a kọ́kọ́ yà sí kì í ṣe ibi ìwọ̀ rárá. Lẹ́bàá Banchory, odò kékeré kan tó ń jẹ́ Feugh ń já wálẹ̀ láàárín àpáta kí ó tó bọ́ sínú Dee. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà lókè ibẹ̀, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹwòran. Òjò ti rọ̀ lóru. A dúró títí, a ò rí nǹkan kan àfi omi tó ń hó bí ìkòkò. Lójijì ẹja kan ta yọ láàárín omi funfun, ó nà gbọnrangandan, ó ṣubú padà. Màmá gbá irin afárá mú: "Kí nìyẹn?" Òmíràn ta, ó tún ṣubú. Ẹ̀kẹta ta, ó lu àpáta, ó yí, ó yọ́ wọ omi òkè, ó lọ. Màmá bú sí àtẹ́wọ́ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbẹ̀bùn nílé ìwé. Wákàtí kan la lò níbẹ̀. Àwọn ọmọ ti fẹ́ máa lọ, Màmá ló kọ̀.

Nígbà tí a dé ibi ìwọ̀, ilé pákó kékeré kan wà tó ní ààrò àti bẹ́ǹṣì. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wà nínú kúlà, dòdò wà, tíì atalẹ̀ wà nínú fúláàsì. Ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ péré ni mo sanwó fún, kì í ṣe odidi ọjọ́. Mo sì sanwó gílì. Gílì ni wọ́n ń pe ẹni tó mọ apá odò kan bí ẹni mọ ẹ̀yìn ilé rẹ̀, tó ń ṣọ́ ọ, tó sì ń tọ́ àlejò sọ́nà níbẹ̀. Mo ní kó kọ́ ọmọbìnrin mi ní ìwọ̀ jíjù. Èmi jókòó ti Màmá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti oṣù Kẹjọ tí wọ́n ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jókòó ti ìyá mi láìsí fóònù lọ́wọ́. Omi ń lọ, a ń wò ó, ọ̀rọ̀ ń jáde fúnra rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé ìyá wọn ta ẹja gbígbẹ ní Ọjà Ọba ní Òṣogbo, àti pé nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, tí wọ́n bá ń ti ilé ìwé bọ̀, òórùn ẹja yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé àwọn ti sún mọ́lé. Mo ti lé ní ogójì ọdún, n kò gbọ́ ọ rí.

Gílì wá bá wa mu tíì. Bí ó ṣe ń wo ọmọbìnrin mi, ó ní sámọ́ọ̀nù tó tóbi jù lọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé a fi ìwọ̀ mú ní Ìlú Ọba, obìnrin ló mú un. Georgina Ballantine ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 1922 ni, lórí odò Tay, nítòsí Caputh ní agbègbè Perth. Òun àti bàbá rẹ̀, James, tó ń ṣiṣẹ́ gílì, ni wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹja náà gbé ìwọ̀. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lórí omi, ó sì lé ní wákàtí méjì kí wọ́n tó gbé e. Pọ́n-ùn 64 ló wọ̀n, ìyẹn kìlógírámù 29. Ilé ìwòsàn ìlú Perth ni wọ́n fi ta lọ́rẹ. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sẹ́ni tó tíì gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn yẹn ni pé bàbá àti ọmọ ló jọ wà lókùnkùn nídìí ẹja kan ṣoṣo.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni èmi náà tó wọ omi. Bóyá torí pé n kò retí nǹkan kan mọ́, okùn ìwọ̀ fà gbọ̀n-ọ́n. Ibẹ̀ lẹ ti bá wa nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí: ẹja nínú àwọ̀n, ìyá mi lórí ìdúró, ọwọ́ lórí.

Gílì rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n sọ fún Màmá pé abo ni, ẹyin kún inú rẹ̀, kò ní pẹ́ yé.

Màmá sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Oyún ló wà nínú rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Láti òkun ló sì ti ń bọ̀?"

"Láti òkun ni, Màmá. Kò jẹun láti ìgbà tó ti wọ odò."

"Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ?"

Ẹ rántí pé ọmọ tuntun ló gbé Màmá wọ bàlúù. Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́. Gílì ní kí wọ́n kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ omi, torí ọwọ́ gbígbẹ máa ń bó ohun yíyọ̀ tó ń dáàbò bo ara ẹja. Mo di apá wọn mú níbi tí omi ò ti jìn. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀, gílì sì dojú ẹja kọ ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí ó lè mí. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń mí lórí ọwọ́ ìyá mi. Ó wá ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, omi ta sí Màmá lójú, ó lọ.

Màmá ò gbọ́wọ́ kúrò nínú omi. Wọ́n ní, wúyẹ́wúyẹ́: "Àtẹ́wọ́gbẹja."

Àwọn ọmọ mi ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni oyè ọba Òṣogbo, Àtáọ́ja, ti wá: ẹni tó tẹ́ ọwọ́ gba ẹja. Ìtàn ìlú sọ pé nígbà tí ọba Láàróyè àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀ dó sẹ́bàá Ọ̀ṣun, ẹja ńlá kan jáde tọ ọba wá látinú odò, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. Títí di òní, a kì í dẹ ẹja nínú igbó Ọ̀ṣun, a kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í gégi. Ní ọdún 2005 ni UNESCO kọ igbó náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ìyá mi kì í bọ òrìṣà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ, wọn kì í sì í pa ìsìn jẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Òṣogbo tó dàgbà tí kò mọ̀ pé ẹja kan wà tí ojú là ń fi wò, tí a kì í fẹnu kàn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún gílì. Ó gbọ́ ọ tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: pọ́n-ùn mélòó ni ẹja Òṣogbo náà wọ̀n?

Ọ̀rọ̀ dídá ẹja padà yìí kì í ṣe àṣejù àwọn òyìnbó. Ní ọdún 2023, sámọ́ọ̀nù 32,477 ni àwọn apẹja ní gbogbo Skọ́tlándì kọ sílẹ̀ pé àwọn fi ìwọ̀ mú, òun ló kéré jù nígbà náà láti ọdún 1952 tí wọ́n ti ń kà á. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ka sámọ́ọ̀nù Ìlú Ọba mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu àtirun. Òkun ń gbóná, oúnjẹ ibẹ̀ ń yí padà, odò pàápàá ń gbóná lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó ń tọ́jú Dee ti ń gbin igi sẹ́bàá àwọn odò kéékèèké tó ń wọ inú rẹ̀, kí òjìji lè mú omi tutù fún ọmọ ẹja. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí nínú ọkọ̀, Màmá ní, "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Wọ́n fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n kí la óò jẹ lálẹ́ òní?" Ìyàwó mi ti ra ẹja ọ̀sìn sílẹ̀ láti Fúráìdè. Òun lọgbọ́n ẹ̀ kún jù nínú ilé wa.

Ẹni tí ẹbí rẹ̀ bá ń bọ̀ wá kí, tí odò sì ń pè é, ohun tí mo lè sọ fún un kò pọ̀. Gba ìwé àṣẹ rẹ ṣáájú, má sì dá ọjọ́ Sọ́ńdè. Ra aṣọ òtútù fún àlejò kí o tó ra ìwọ̀ tuntun. Ìlàjì ọjọ́ ti tó. Mú oúnjẹ tó gbóná dání. Wá ibi tí wọn ó ti fojú rí ẹja kí ìwọ tó wọ omi. Jẹ́ kí ẹlòmíràn di ọ̀pá fún ìgbà díẹ̀, kí o jókòó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, má ṣèlérí ẹja fún ẹnikẹ́ni. Ẹja kì í ṣe tìrẹ láti fi ṣèlérí. Ìjókòó yẹn nìkan ló wà níkàáwọ́ rẹ.

Màmá padà sílé ní oṣù Kejì. Láti ìgbà náà, tí mo bá pè wọ́n, wọ́n á kí ìyàwó mi, wọ́n á kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá bi mí pé, "Àwọn ọmọ ẹja wa ńkọ́?"

Ní ìgbà ìrúwé, mo sọ fún wọn pé, "Màmá, wọ́n á ti pa báyìí. Wọn ò tíì ju igi ìṣáná lọ. Wọ́n ṣì wà nílé. Ó di bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó lọ sókun."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní, "Kí wọ́n má kánjú. Tí wọ́n bá sì máa lọ, kí wọ́n ṣáà fi imú sílẹ̀ fún òórùn ilé."

Mo ní, "Mo gbọ́, Màmá." Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹja nìkan ni wọ́n ń bá wí.